Ẹ Bi Ayàwòrán: Kí Ló Dé Tí Pupa Ń Da Kámẹ́rà Wa Láàmú?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, nígbà tí mo sì jókòó kà wọ́n tán mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo yín ń sọ láìmọ̀, ẹni tó ń tà aṣọ, ẹni tó lọ wo ẹyẹ, ẹni tó dúró sétí òkun, pupa ni, pupa ni, pupa ni. Mo bá kó wọn jọ síbí. Èyí tí mo bá dáhùn gùn nínú wọn, ẹ fara dà á, nǹkan pọ̀ níbẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán, ẹ kú iṣẹ́. Gèlè àti lace ni mò ń tà. Tí mo bá ti ya gèlè pupa lórí fóònù mi, ṣe ló máa ń jáde pẹlẹbẹ bíi pé wọ́n fi ọ̀dà kùn ún, gbogbo iṣẹ́ ara ẹ̀ á ti pòórá. Búlúù àti gírínì kì í ṣe mí bẹ́ẹ̀. Kọ́sítọ́mà kan dá ọjà padà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní èyí tóun rí lórí WhatsApp kọ́ nìyí. Ṣé kí n pààrọ̀ fóònù ni?
Ìyá Aláṣọ, Gbági, Ìbàdàn

Mà, ẹ má tíì náwó. Kò sí nǹkan tó ṣe fóònù yín, ẹjọ́ pupa ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, àǹtí mi kan ṣe ọgọ́ta ọdún, lace pupa fòò ni wọ́n mú láṣọ ẹbí, èmi ni mo sì ya gbogbo ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni o, torí ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Abẹ́ kánópì la wà, ilẹ̀ ti ń ṣú, búlọ́ọ̀bù oníyẹ́lò ni wọ́n tàn síbẹ̀. Nígbà tí mo gbé fọ́tò dé, àǹtí wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n tún wò ó, wọ́n ní, "Ṣé lace la wọ̀ ni àbí o da ata lílọ̀ lé wa lórí?" Àwọn ihò wẹẹrẹ ara lace yẹn tí wọ́n tìtorí ẹ̀ san owó gọbọi, kò sí ọ̀kan tó hàn. Títí dòní tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìnáwó, wọ́n á ní kí n wá jẹun, ẹlòmíì ni wọ́n ń pè wá yàwòrán.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Inú kámẹ́rà, títí kan ti fóònù, ní àwọn ojú kéékèèké tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ka mẹ́rin nínú wọn, méjì ló ń gba àwọ̀ ewé, ọ̀kan ń gba búlúù, ọ̀kan péré ló ń gba pupa. Bryce Bayer tó ń ṣiṣẹ́ ní Kodak, iléeṣẹ́ tó ń ṣe kámẹ́rà àti fíìmù, ló gbé ètò yìí kalẹ̀, 1976 ni wọ́n fún un níwèé àṣẹ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, òun ló sì ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tá à ń lò. Torí náà tẹ́ ẹ bá ya nǹkan tó jẹ́ kìkì pupa, ojú kan nínú mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ gidi, àwọn yòókù fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sùn ni.

Ìyẹn ò tíì burú tó èyí tó kàn. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ pinnu ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó máa gbà wọlé, tó bá sì ń ṣírò bí nǹkan ṣe mọ́lẹ̀ tó, àwọ̀ ewé ló máa ń kà sí jù. Nínú ìṣirò tí wọ́n sábà ń lò, àwọ̀ ewé ń kó bíi 72 nínú 100, pupa ń kó 21, búlúù 7 tó kù, torí bí ojú àwa èèyàn náà ṣe ń rí i nìyẹn. Tí gèlè pupa bá wá kún ojú ẹ̀, ó máa rò pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, ló bá ṣílẹ̀kùn gbayawu, ni ìmọ́lẹ̀ pupa bá ya wọlé. Ẹ fojú inú wo korobá lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi. Nínú fọ́tò JPEG, irú èyí tí fóònù sábà máa ń yà, korobá pupa ò lè gbà ju 255 lọ, tó bá ti kún, èyí tó kù ń dà sílẹ̀ ni. Ibi tí gèlè ti ṣẹ́po, ibi tí òwú ti yọ, ibi tíṣẹ́ wà àti ibi tí kò sí, gbogbo ẹ̀ di 255. Kí ni ojú fẹ́ fi mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì?

Torí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà á, ẹ fọwọ́ kan gèlè yẹn lójú fóònù, àmì oòrùn kékeré kan máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn, ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rí ojú òwú. Fọ́tò náà máa dà bíi pé ó ṣú díẹ̀ lójú yín, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má tún wá gbé e lọ sínú app kan kẹ́ ẹ máa bu saturation lé e, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń mú kí àwọ̀ jinlẹ̀ sí i, torí ibẹ̀ gan-an la ti ń ba tiwa jẹ́, a rí pupa tán a tún fẹ́ kó pupa sí i, bí ẹni tó ń bu epo sí ọbẹ̀ tí epo ti léfòó lórí ẹ̀. Ká dín in kù ni pupa ń fẹ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹ má yà á lábẹ́ búlọ́ọ̀bù oníyẹ́lò bíi tèmi ọjọ́sí, ìmọ́lẹ̀ búlọ́ọ̀bù yẹn fúnra ẹ̀ ti kún fún pupa kẹ́ ẹ tó gbé aṣọ síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dáa, níbi tí oòrùn ò ti bà lé e tààrà. Ti WhatsApp, ó máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè fúyẹ́, àwọ̀ wà lára nǹkan tó máa ń gé kù, ìdí nìyẹn tí etí ibi tí pupa ti pàdé dúdú fi ń rí wúruwùru. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, kò ní fọwọ́ kàn án.

Ó wá ku kọ́sítọ́mà. Ojú fóònù tiyín àti tiẹ̀ ò lè fi pupa hàn bákan náà láéláé, àwa Yorùbá náà sì tún dá kún un: epo, pupa ni, ẹ̀jẹ̀, pupa ni, ilẹ̀ amọ̀, pupa ni, ọmọ tí àwọ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀ ládùúgbò, Pupa là ń pè é. Kí ló jọra nínú gbogbo ìyẹn? Tí obìnrin yẹn bá ní pupa lòun fẹ́, ẹ bi í, ṣé pupa ẹ̀jẹ̀ ni àbí pupa epo. Kẹ́ ẹ sì gbé tòmátò kan tó pọ́n dáadáa sẹ́gbẹ̀ẹ́ gèlè kẹ́ ẹ tó yà á. Kò sẹ́ni tí ò mọ tòmátò, tó bá ti rí bí tòmátò ṣe rí lójú fóònù tiẹ̀, á mọ iye tó máa yọ kúrò lára gèlè.

Ẹ̀gbọ́n, mo mú àwọn ọmọ lọ sí zoo Yunifásítì Ìbàdàn, mo ya odídẹrẹ́. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́ ara ẹ̀ dáa, ìrù ẹ̀ wá dà bí iná, mi ò rí ìyẹ́ kankan. Nínú èkejì ìrù dáa, ara ṣú. Èwo ni kí n máa ṣe?
Bàbá Ìbejì, Mọ́níyà

Èkejì. Ara tó ṣú, nǹkan ṣì wà nínú ẹ̀, ẹ lè fi app gbé e sókè tẹ́ ẹ bá délé. Ìrù tó ti jó, kí lẹ fẹ́ gbé sókè níbẹ̀?

Ṣùgbọ́n Bàbá Ìbejì, ẹ ò mọ̀ pé ẹ rí ẹyẹ tó dẹrùn jù. Àwọn ayàwòrán máa ń ra páálí kan tó láwọ̀ eérú, wọ́n á gbé e síwájú nǹkan tí wọ́n fẹ́ yà kí kámẹ́rà lè fi mọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Odídẹrẹ́ gbé tiẹ̀ wọ̀ wáyé ni. Ẹ fọwọ́ kan àyà ẹ̀ níbi aláwọ̀ eérú yẹn, ẹ má fọwọ́ kan òkùnkùn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ nínú àgò, kẹ́ ẹ wá fa àmì oòrùn wálẹ̀ díẹ̀ torí ìrù. Ẹ tún sún mọ́ wáyà àgò náà bí wọ́n bá ṣe gbà yín láyè tó, tí ẹnu kámẹ́rà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan wáyà, wáyà ò ní hàn mọ́ nínú fọ́tò. Àmọ́ ẹ ṣọ́ ìka yín o, ẹnu tó ń fọ́ ẹyìn ni.

Ìyẹ́ ìrù yẹn náà là ń pè ní ìkóódẹ, ẹ mọ ibi tó máa ń wà lára adé àti nínú orò, mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan tó ń jọ mí lójú ni pé odídẹrẹ́ ló ń ṣe pupa yẹn fúnra ẹ̀ nínú ara ẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ ló ti ń rí i bíi ti ọ̀pọ̀ ẹyẹ pupa. Àlùkò tiẹ̀ tún ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣé ẹ rántí pé àlùkò ló losùn? Ẹ̀yà ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní turaco ni, lọ́dún 1869 sì ni onímọ̀ kẹ́míkà kan, Arthur Church, rí i pé bàbà wà nínú pupa ìyẹ́ apá wọn, bàbà gidi, irú èyí tó wà nínú wáyà iná. Tó bá pa apá mọ́ sórí igi, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí pupa apá yẹn, àfi tó bá fò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ya àlùkò gbọ́dọ̀ ti gbé àkókò tí kámẹ́rà ẹ̀ fi ń gba ìmọ́lẹ̀ sí 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá tàbí kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì ní sùúrù. Mo ti jókòó láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di mẹ́wàá rí, ìdí ẹ̀ ni mo yà.

Ẹnì kan kọ̀wé pé òun fẹ́ ra odídẹrẹ́ kan kóun lè máa yà á nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Lọ́dún 2016, níbi ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti ewéko igbó, ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé kí wọ́n má ta odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì mọ́, torí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó o tán. À ń ṣàdúrà pé kí odídẹrẹ́ má kú sóko ìwájẹ, àwa la tún wá ń dẹ okùn dè é lóko yẹn.

Ìyàwó mi ò jẹ́ kí n wọ polo pupa mi lọ ya màlúù lọ́nà oko. Ó ní wọ́n á kàn mí. Ṣé òótọ́ ni?
Oní-Polo, Ìsẹ́yìn

Màlúù ò rí pupa yẹn bẹ́ẹ̀. Oríṣi nǹkan mẹ́ta tó ń dá àwọ̀ mọ̀ ló wà nínú ojú tiwa, méjì ni ti màlúù, polo yín á kàn rí bí àwọ̀ ilẹ̀ kan tó ṣú lójú ẹ̀ ni. Bí aṣọ ṣe ń mì níwájú ẹ̀ ló máa ń bí i nínú. Ẹyẹ lẹ ò gbọdọ̀ wọ polo yẹn lọ yà, mẹ́rin ni tàwọn, wọ́n á ti rí yín látòkè kẹ́ ẹ tó rí wọn. Àmọ́ tí màlúù bá lọ́mọ lẹ́yìn, kódà kẹ́ ẹ wọ funfun, ẹ dúró jìnnà. Ìyàwó yín ló jàre ní ìyẹn.

Ẹ káàsán sà. Mo wà ní JSS3. Alángbá kan wà lára ògiri wa, láàárọ̀ ó máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀, lọ́sàn-án orí ẹ̀ á ti pupa. Ẹ̀gbọ́n mi ní méjì ni wọ́n. Mo fẹ́ yà á fún iṣẹ́ school.
Ọmọ Òṣogbo

Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé ó lè jẹ́ ọ̀kan náà ni. Akọ ni. Láàárọ̀ tí ara ẹ̀ ṣì tutù kò ní lè pọ́n, ó dìgbà tí oòrùn bá mú ara ẹ̀ gbóná, ìgbà yẹn lorí á wá pọ́n fòò tí ara ìsàlẹ̀ á dúdú mọ́ búlúù. Tó bá jẹ́ òun lọ̀gá lára ògiri yẹn, á tún pọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dúró wò ó lọ́jọ́ tí akọ míì bá wá bá a jà, èyí tí wọ́n bá lù, wàá rí i tí pupa orí ẹ̀ ń ṣí, bí aṣọ tí wọ́n bọ omi ọṣẹ.

Ìwọ lọ ní bíi aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá. Má jẹ́ kí òjìji ẹ bọ́ sí i lára, tó bá ti rí òjìji ó ti lọ nìyẹn. Tó bá mi orí bíi ìgbà mẹ́ta mẹ́rin, èyí tí wọ́n ní ó ń yin ara ẹ̀ lórí pé ó já láti orí ìrókò, á dúró díẹ̀ kó tó tún mi orí. Àárín ìgbà yẹn ni kó o tẹ̀ ẹ́. Tí ògiri yín bá sì jẹ́ funfun, ògiri yẹn máa tan kámẹ́rà jẹ, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sọ ohun gbogbo di ṣíṣú, torí náà ìwọ nìkan ni mo máa sọ fún lónìí pé kó o gbé àmì oòrùn yẹn sókè díẹ̀. Tí orí alángbá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán bí iná, fà á padà.

Mo lọ sétí òkun ní Badagry, oòrùn tó ń wọ̀ pọ́n bí ẹyin ojú ẹni tí ò sùn. Mo yà á, funfun ló jáde. Ṣé àfọ̀ṣẹ ni?
Tọ́pẹ́

Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, Tọ́pẹ́. Korobá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn pọ̀ débi pé pupa kún, àwọ̀ ewé kún, búlúù náà kún, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì ti kún, funfun ni. Fọwọ́ kan ojú ọ̀run lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn, fà á wálẹ̀ títí òkun á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú.

Ìkejì, fóònù ò gbà pé nǹkan lè pọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ó rò pé àṣìṣe ni, ló bá ń bá ẹ fọ pupa ẹ̀ kúrò. Tí kámẹ́rà fóònù ẹ bá ní ibi tí wọ́n kọ Pro sí, lọ síbi white balance, ìyẹn ibi tó ti ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe, kó o gbé e sí Daylight, kò ní fọ nǹkan kan mọ́. Ìdí tí oòrùn fi ń pọ́n lálẹ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ń la afẹ́fẹ́ tó pọ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, afẹ́fẹ́ yẹn ti tú búlúù ẹ̀ ká sójú ọ̀nà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Lord Rayleigh, ló ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1871. Pupa tó kù yẹn gan-an lo tìtorí ẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí Badagry, kí ló dé tó o máa jẹ́ kí fóònù fọ̀ ọ́ dànù?

Kí ló ń mú ojú àwọn ọmọ mi pọ́n bíi ti iwin nínú fọ́tò alẹ́?
Màmá Dami

Fíláàṣì ni, mà. Ó wọlé tààrà ó kan ẹ̀yìn ojú níbi tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí, ó sì gba ojú ọ̀nà kan náà padà. Ẹ tan iná yàrá kí ọmọlójú wọn lè sún kì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wo kámẹ́rà gan-an. Ti ológbò tàbí ewúrẹ́ kì í sábà pọ́n, àwọ̀ ewé tàbí yẹ́lò ló máa ń dán, nǹkan míì wà lẹ́yìn ojú tiwọn tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà.

Ẹ̀gbọ́n, mo ní fọ́tò ìyá ìyá mi tí wọ́n yà lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn lọ́dún 1952. Màmá ní iyùn pupa làwọn wọ̀, àmọ́ nínú fọ́tò ṣe ló dúdú bí èédú. Mo gbé e sínú app tó ń sọ fọ́tò di aláwọ̀, òun náà ní dúdú ni. Ta ló ń parọ́?
Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lọ́ńdọ̀nù

Màmá ò parọ́ o. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àbúrò bàbá mi kan ní stúdíò l'Abẹ́òkúta, wọ́n máa ń jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn wọ dákúrúùmù, yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Búlọ́ọ̀bù pupa kan ṣoṣo ló ń tàn níbẹ̀, ọwọ́ wọn pupa, eyín wọn pupa, omi inú abọ́ pupa, ìwé funfun inú omi yẹn á wá máa lójú díẹ̀díẹ̀, kó o tó mọ̀ ó ti di ìyàwó tàbí olóògbé ẹnì kan. Mo bi wọ́n pé ṣebí ẹ ní ìmọ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ kan ìwé yìí. Wọ́n ní ìwé yìí ò rí pupa, pé lójú tiẹ̀ òkùnkùn biribiri la wà.

Fíìmù tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ nígbà yẹn náà. Èyí tó ń rí pupa ti wà lórí àtẹ tipẹ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo stúdíò ló ń lò ó. Ohun tí fíìmù ò bá rí, dúdú ló máa ń jáde, iyùn, ètè tí wọ́n kùn, osùn. App tiyín ń wo dúdú, ó sì ń pè é ní dúdú, ibo ló ti fẹ́ mọ ohun tí fíìmù ò rí?

Níbẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ́ ẹ wà yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi fọ́tò aláwọ̀ han àwọn èèyàn, ní Royal Institution, ọjọ́ 17 oṣù May, 1861. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, James Clerk Maxwell, ni, rìbọ́ọ̀nù kan ni wọ́n yà, ayàwòrán kan, Thomas Sutton, ló bá a yà á lẹ́ẹ̀mẹta, ìmọ́lẹ̀ gba inú nǹkan pupa tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá, ó gba inú ti àwọ̀ ewé, ó gba inú ti búlúù. Àṣé gíláàsì tí wọ́n fi yà á, èyí tí wọ́n ń lò bíi fíìmù nígbà yẹn, ò rí pupa rárá! Ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, 1961, kí àwọn ará Kodak tó rídìí ẹ̀: aró pupa inú rìbọ́ọ̀nù yẹn ń tan ultraviolet padà, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò rí, òun ló yọ́ wọlé dípò pupa. Maxwell ò mọ̀. Orí ló bá a ṣe é.

Tiyín ò ní gba orí. Ẹ pe màmá, kí wọ́n gbé iyùn náà jáde, kí ẹnì kan tó wà nílé gbé e létí fèrèsé láàárọ̀, kó fọwọ́ kàn án lójú fóònù kó fa àmì oòrùn yẹn wálẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí yín bíi document. Àwọ̀ yẹn lẹ máa mú, ẹ wá fọwọ́ ara yín kun ọrùn màmá nínú fọ́tò, ìlẹ̀kẹ̀ kan lẹ́yìn òmíì. Tó bá jẹ́ wọ́n ti pín in fáwọn ọmọ, ẹ wádìí lọ́wọ́ àwọn àǹtí yín, ẹni tí tọrùn bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ ń wá, kì í ṣe tọwọ́.